Jẹnẹrétọ̀ Tó Gbé Hallelujah Sókè

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kò pọ̀. Hallelujah ti Handel, tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ sí kíì D, ti Kaduna dé ọ̀dọ̀ wa ní E flat. Bọ́tìnnì kan péré ló fi ga ju D lọ lórí kíbọ́ọ̀dù, àwo orin àtijọ́ sì ni. Ta ló fẹ́ kà á sí? Ọ̀gá akọrin kan wà láàrin wa tó kà á sí. Àtibẹ̀ la ti wá mọ ohun tó ti ń ṣe fáìlì wa tipẹ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbi tí iná kì í ti í dúró.

Àwa díẹ̀ ni, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja àti Kaduna, tí a fẹ́ràn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa: jáàsì, orin ọ̀kẹ́sírà, àwọn olóhùn dídùn ayé ìgbà náà. A máa ń pàdé ní Kubwa ní Sátidé kan lóṣooṣù. Ẹni tó bá ti rí àwo kan tún ṣe á gbé e wá nínú fíláàṣì, a ó gbọ́ ọ, a ó jiyàn lé e, a ó sì dà á kọ fún ara wa. Èmi ni mo ń tọ́jú àkójọ fáìlì náà. Nyanya ni ọ̀gá akọrin ń gbé, òun náà ló ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà láti Gwarinpa tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ló fi ń jẹun. Bàbá fi "Ìyá Ẹ̀rọ" pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bàbá yìí gan-an ni orísun ọ̀pọ̀ nínú àwo wa. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti wà ní Kaduna láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ olú ìlú ilẹ̀ Àríwá. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lẹ́yìn òmìnira, àwọn kan ta àwo orin wọn ní owó pọ́ọ́kú, àwọn kan fi tiwọn sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá rà lọ́wọ́ onílé, ó rà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Àwo tí mo ń sọ yìí kì í ṣe LP tí a fi ń gbọ́ Sunny Adé o. Àwo 78 ni, èyí tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, dúdú, ó wúwo, ó sì lè gan-an. Shellac ni wọ́n fi ṣe é, ohun kan tí kòkòrò ń tú sára igi ní Íńdíà, tí wọ́n wá pò mọ́ òkúta lílọ̀. Bó bá bọ́ lulẹ̀, ó tán nìyẹn. Èyí tó kéré máa ń gba orin bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan, èyí tó tóbi á gba mẹ́rin sí márùn-ún. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára rẹ̀ fẹ̀ ju ti LP lọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tóbi tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ LP lù ú, ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí sùn sí ni abẹ́rẹ́ náà á máa họ, á wá máa bú àwo pé kò dára.

Bí Bàbá ṣe ń fọ àwo tó ohun téèyàn ń jókòó wò. Kì í fi sípíríìtì kàn án, torí sípíríìtì máa ń yọ shellac. Omi tí wọ́n sè di ooru kó tó padà di omi, irú èyí tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ni ó ń lò, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan ṣoṣo. Á fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tọ ọ̀nà orin yíká, kò ní gé e kọjá, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo bébà àárín kí omi má bàa kàn án. Lẹ́yìn náà á tò wọ́n lóròó sórí agbọ̀n wáyà tí Màmá ń sá àwo oúnjẹ sí. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo Kaduna, á fi aṣọ funfun bò wọ́n títí wọn ó fi gbẹ. Màmá ti sọ ọ́ títí ó ti sú u.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá kó odidi àpótí kan sínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan. Hallelujah wà nínú rẹ̀, àwo ńlá kan láti ilé iṣẹ́ HMV. Àmì onígun mẹ́ta kékeré wà lára rẹ̀, níbi dídán tó yí bébà ká, èyí tó fi hàn pé máíkì àti iná ni wọ́n fi gbà á, kì í ṣe ìwo tí wọ́n ń kọrin sí ẹnu rẹ̀ kó tó di 1925. Èyí tí inú tèmi dùn sí jù ni ti akọrin Adelaide Hall lórí àwo ilé iṣẹ́ Decca, tí Fela Sowande tiwa lu ọ́gàànù sí. Adelaide Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, ti bá Duke Ellington gbohùn sílẹ̀ ní 1927 kó tó wá fi London ṣe ibùgbé ní 1938. Ọdún 1905 ni wọ́n bí Sowande. Abẹ́ Ekundayo Phillips ní Christ Church l'Ékòó ló ti kọ́ ọ́gàànù, ó lọ sí London, ó lu jáàsì níbẹ̀, ó lu ọ́gàànù fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ orin ọ̀kẹ́sírà tí wọ́n ń lù títí dòní. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbọ́ "Fela" nísinsìnyí, ẹlòmíràn ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Kò burú.

Ọmọ ọmọ Bàbá ló bá a fọ àwọn fáìlì náà: ó yọ tá-tá-tá ojú àwo, ó yọ hùn-ùn tí iná máa ń dá sínú ẹ̀rọ, ó gé ibi dídákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ó wá sọ gbogbo rẹ̀ di MP3 kó má bàa wúwo. Èyí ló dé Kubwa.

A gbọ́ Hallelujah. Inú gbogbo wa dùn, àfi ẹnì kan tó ti lọ fa kíbọ́ọ̀dù tó wà ní igun yàrá.

"Bàbá, ẹ má bínú, sà. Orin yìí ń sáré."

"Ẹ̀yin ni ẹ máa ń fà á ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ọ̀gá akọrin tẹ D, ó sì jẹ́ kó máa dún lábẹ́ orin. Ó dá etí gbogbo wa sí méjì. Ó sún un sí E flat, ohun gbogbo sì tò. Ó ní kí olùdarí fẹ́ kí orin yá kò lè gbé e kúrò ní kíì tí Handel kọ ọ́ sí ní 1741, fèrè kàkàkí inú orin náà pàápàá, D ni wọ́n ṣe é fún. Ó tún ní àwọn ọkùnrin inú àwo náà ń dún bí ọmọ ilé ìwé.

Ẹnì kan, tó máa ń ka ìwé púpọ̀, sọ pé ohùn gíga àtijọ́ ni. Òótọ́ ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n máa ń so A, ohùn tí wọ́n fi ń tún ohun èlò orin ṣe, mọ́ 452 (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í ṣe 440 tí a ń lò lónìí, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè sì pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀kẹ́sírà London ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí 439 láti 1896, kódà ká ní wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀, ìdajì ọ̀nà láti D sí E flat ni ìyẹn lè gbé e dé. Tiwa dé E flat pátápátá. Ẹlòmíràn ní bóyá àwo náà kì í ṣe 78 gan-an, torí ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gbà sílẹ̀ ní 80 láyé ìgbà kan. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí o bá lu àwo 80 ní 78, ńṣe ni ohùn á wálẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rọ Bàbá. Ibẹ̀ ni Bàbá ti gbaná jẹ. Ó ní òun yẹ ìyára wò kí òun tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú páálí tó fi yẹ̀ ẹ́ wò jáde nínú àpò. Páálí róbótó ni, ìlà dúdú 77 ló wà létí rẹ̀. Wọ́n á gbé e lé orí ẹ̀rọ, wọ́n á tan gílóòbù iná sí i. Iná tó ń wá ní 50 Hertz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń mú gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 77.92 ní ìṣẹ́jú kan, ìlà kọ̀ọ̀kan á ti dé ipò èyí tó wà níwájú rẹ̀ kí gílóòbù tó tún ṣẹ́jú, gbogbo wọn á sì dà bí ẹni pé wọ́n dúró. "Wọ́n dúró gbọnin," ni Bàbá wí. "Ojú mi rí i. Àbí irọ́ ni mo ń pa?"

Kò parọ́. Ìyá Ẹ̀rọ, tí kò tíì sọ nǹkan kan, bi í léèrè ohun méjì. "Bàbá, iná wo lẹ lò lálẹ́ ọjọ́ náà? Ṣé fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn sì ṣì wà?"

Jẹnẹrétọ̀ ni. Iná ìjọba kò sí. Ti fáìlì, ọmọ ọmọ Bàbá ní àwọn púpọ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà òun nítorí òun kò tíì ráyè pa wọ́n rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀lẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èyí tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà Ìyá Ẹ̀rọ nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo rárá, hùn-ùn ti wà níbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó yan ibẹ̀ nìkan, ó sì ní kí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ya àwòrán ohun tó wà nínú rẹ̀. Iná ilẹ̀ wa, 50 ni wọ́n ṣe é sí, nítorí náà ó yẹ kí òkè ṣóńṣó yọ ní 50, kí òmíràn yọ ní 100, àti 150. Tiwa yọ ní 53, ní 106, ní 159.

Gbogbo ẹjọ́ ti parí síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba àlàyé kí Bàbá tó gbà. Mọ́tò ẹ̀rọ tó ń lò jẹ́ irú èyí tó ń bá iná rìn ní ìṣísẹ̀: bí iná bá yá, òun náà á yá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í dúró lórí 50. Bí ẹrù kò bá pọ̀ lórí rẹ̀, á máa sáré ní 52 tàbí 53, kó lè sọ̀ kalẹ̀ sí 50 bí ẹrù bá kún un. Nígbà tí wọ́n ń gba Hallelujah, ẹ̀rọ orin, kọ̀ǹpútà àti gílóòbù nìkan ló ń gbé. Ẹ bá mi pín 53 sí ọ̀nà 50, ẹ ó rí 1.06, èyí sì ni ìwọ̀n tó wà láàrin D àti E flat. Páálí onílà kò lè tú àṣírí rẹ̀, torí gílóòbù tó tàn sí i, orí jẹnẹrétọ̀ kan náà ló wà. Mọ́tò yá, gílóòbù náà yá bákan náà, ìlà sì dúró gbọnin lórí ìyára 82.6. Olè àti ọlọ́dẹ jọ ń rìn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé hùn-ùn yẹn, tí gbogbo wa kà sí ìdọ̀tí, tí a máa ń yin ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò, òun nìkan ló mọ ìyára tí àwo náà fi yí. Fífọ̀ ti fọ ẹlẹ́rìí dànù.

Ìyá Ẹ̀rọ dín ìyára Hallelujah kù ní ìdá 5.66 nínú ọgọ́rùn-ún. Orin tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọ̀gá akọrin tẹ D, ó sì wọlé ṣinṣin. Àwọn ọkùnrin inú àwo di àgbàlagbà.

Adelaide Hall ló ṣòro. Láti ìgbà tí fáìlì yẹn ti dé ni ọ̀gá akọrin ti ń sọ pé obìnrin náà já ohùn láàrin orin, pé ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó parí. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí Duke Ellington gbé ohùn rẹ̀ lé àárín fèrè kì í ṣe ẹni tí ń já ohùn bẹ́ẹ̀, ọ́gàànù Sowande tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jọ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ọ́gàànù rẹ ohùn? Nígbà tí a ya àwòrán hùn-ùn inú fáìlì àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró lórí 53 títí dé bíi ìdajì orin, lójijì ó já sí 51.5, kò sì gòkè mọ́. Bàbá búra pé òun kò tan nǹkan kan. A pe Màmá lórí fóònù.

"Fríìjì ni," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin ẹ ń gbọ́ orin, ẹja mi ń yọ́."

Fríìjì ló gorí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ló rẹ̀, mọ́tò ló rẹ̀, Adelaide Hall ló sì gba ẹ̀bi. Ìyá Ẹ̀rọ pín orin náà sí méjì níbi tí hùn-ùn ti já, ó mú apá kìíní láti 53 wá sí 50, ó mú apá kejì láti 51.5 wá sí 50, ó sì fi ọwọ́ tún oríkèé rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún jẹ ẹ́ ní alẹ́ kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè gbọ́ ojú ibẹ̀. Àwọn àwo tó kù nínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan la wọn hùn-ùn tirẹ̀, kò sí méjì tó dọ́gba.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pínpín ti di àríyànjiyàn mìíràn. Mo ní kí a máa pín méjì pọ̀: fáìlì tútù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, pẹ̀lú hùn-ùn àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti èyí tí a ti fọ̀, kí ìwé kékeré kan sì tẹ̀ lé wọn tó sọ iná tí a lò, abẹ́rẹ́ tí a lò àti ohun tí a yọ. Àwọn kan kọ̀ nítorí dátà. Wọn ò jẹ̀bi: ojú àwo ìṣẹ́jú mẹ́rin tí a gbà ní 24-bit, 96 kHz, apá méjèèjì (òsì àti ọ̀tún), á jẹ nǹkan bíi MB 138, MP3 rẹ̀ kò sì ju MB 4 lọ. A gba apá méjèèjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin náà kì í ṣe sítẹ́ríò, torí abẹ́rẹ́ irin ti jẹ ògiri kan ọ̀nà orin ju èkejì lọ nínú ọ̀pọ̀ àwo, a sì lè mú èyí tó sàn jù. Níkẹyìn a fi ẹnu kò sí FLAC, tó ń dín ìwọ̀n kù láì ju nǹkan kan nù, a sì ń fi fíláàṣì gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ lórí WhatsApp, bí ìwé ni a ń fi í ránṣẹ́ sí i, a kì í fi ránṣẹ́ bí ohùn.

Ti òfin kò gùn. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti Nàìjíríà ti 2022 fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n gbé e jáde, ó sì fún orin tí èèyàn kọ ní 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni náà kú. Handel ti kú láti 1759, a ń pín Hallelujah. Ọ̀kẹ́sírà Sowande yàtọ̀. Ohùn inú àwo àtijọ́ rẹ̀ ti dòmìnira níbí, ṣùgbọ́n 1987 ni Sowande kú, orin tó kọ ṣì wà lábẹ́ àṣẹ títí di òpin 2057. Ti ọ̀kẹ́sírà rẹ̀, ẹ wá gbọ́ ọ ní Kubwa.

Bàbá ti so ẹ̀rọ orin mọ́ ìnfátà báyìí, irú èyí tó ń fúnni ní 50 tí kì í yẹ̀, fríìjì sì wà lórí jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Ó ní E flat dùn létí òun ju D lọ, pé ó ti mọ́ òun lára. A fi ẹ̀dà E flat sílẹ̀ fún un.

Ó ku àwo méjì tí fáìlì tútù wọn ti parẹ́. Ọ̀kan ṣì wà ní Kaduna, a ó tún un gbà lẹ́yìn ọyẹ́. Èkejì, orin jáàsì kan tí bébà àárín rẹ̀ ti ṣá, fọ́ sí méjì nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, MP3 tí wọ́n ti fọ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀ láyé wa. Ọ̀gá akọrin ní òun mọ kíì tó yẹ kó wà, pé kí a jẹ́ kí òun fi etí tún un ṣe. A ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ara rẹ̀, kó ṣe é. Èyí tí a ń pín wà bó ṣe wà, mo sì kọ ọ́ sí orúkọ fáìlì pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi gbà á, a kò mọ ìyára rẹ̀.